Ọdẹ Tí Yóò Ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé Yín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí mu rẹ́gí. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn ètò aṣebi tí ń fara pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé wa, àti bí a ó ṣe yan ètò aláàbò tí yóò wá wọn rí, tí yóò sì lé wọn jáde.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó tàbí ti àwọn báǹkì ńláńlá nìkan ni èyí, kí ó wo Felele ní Lọ́kọ́ja. Ní àdúgbò yìí, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Àbújá, ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Poli ti Ìpínlẹ̀ Kogí wà. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún owó a máa pọ̀ níbẹ̀, ohun tí ó sì ń gbé iṣẹ́ lọ gbé iṣẹ́ bọ̀ láàrin wọn ni fúláàṣì kékeré tí ọmọ ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Fúláàṣì kan ṣoṣo lè wọ kọ̀ǹpútà atẹ̀wé ní àárọ̀, kí ó wọ ti ọ̀rẹ́ ní ọ̀sán, kí ó sì wọ ti ilé ní alẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo ẹbí ń lò. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ tí ó fẹ́ gboyè wà. Inú rẹ̀ ni ìyá kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Inú rẹ̀ ni bàbá ti ń wo owó rẹ̀ ní báǹkì, ibẹ̀ náà sì ni àwòrán ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó wà. Ẹni tí ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, gbogbo yàrá ilé ló wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

OLÈ TÍ KÌ Í KAN ILẸ̀KÙN

Fáírọ́ọ̀sì ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi ń pe ohun búburú tí ń wọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Òmíràn ń ba ìwé jẹ́. Òmíràn ń ti ìwé mọ́lé, ó sì ń béèrè owó kí ó tó tú u sílẹ̀. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ ń jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ka gbogbo ohun tí a bá fi ìka tẹ̀, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó rán an. Ètò aṣebi ni a ó máa pe gbogbo wọn nínú àròkọ yìí.

Ní àtètèkọ́ṣe, àwọn ètò wọ̀nyí kì í bojú. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní Brain jáde ní ọdún 1986 láti ìlú Lahore ní Pakistan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n kọ ọ́ fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara wọn sínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ILOVEYOU tàn ká ayé láti Philippines nínú ìmeèlì, ariwo rẹ̀ sì gba ilé gba oko. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Olè òde òní kò fẹ́ kí onílé mọ̀ pé òun wà nílé, nítorí bí ó bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni èrè rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2005, Mark Russinovich, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwo orin kan tí iléeṣẹ́ Sony BMG tà ti gbé ètò kan wọ inú kọ̀ǹpútà òun láìsọ fún òun. Ètò yìí ń bo gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì $sys$ mọ́lẹ̀, tí Windows fúnra rẹ̀ kò fi ní í rí i mọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn aṣebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì náà sí orúkọ fáírọ́ọ̀sì tiwọn, kí wọ́n lè bá a sá sábẹ́ aṣọ kan náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí a ti dì lójú kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. A ó padà sórí kókó yìí nígbà tí a bá dé orí ọ̀nà àyẹ̀wò.

Ẹ má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Láàrin ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, INTERPOL, mú ènìyàn 11 tí wọ́n fura sí. INTERPOL sọ pé nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, ohun ìwọlé àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n jà lólè lé ní 800,000. Wọ́n ní ẹlòmíràn ń yọ́ ka ọ̀rọ̀ tí iléeṣẹ́ 16 ń bá àwọn oníbàárà wọn sọ, kí ó lè darí owó gba ibòmíràn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ san án.

Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 2022, INTERPOL tún kéde pé a ti mú ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó àti ní Benin. Ètò aṣebi tí wọ́n sọ pé àwọn wọ̀nyí lò ni Agent Tesla. Ó ń ṣe àdàkọ ohun tí a bá tẹ̀, ó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ó sì ń kó àwọn páásíwọ́ọ̀dù tí a ti fi pamọ́ sínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìmeèlì tí ó dà bí ìwé owó ọjà ni ó máa ń bá wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ ni àwọn ẹni wọ̀nyí dojú kọ, ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ilé. Ibi tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fún un ni yóò wọ̀.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ A FURA SÍ

Bí kọ̀ǹpútà bá ń lọ́ra, tí fáànù inú rẹ̀ sì ń sáré nígbà tí a kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ìdí. Bí ètò aláàbò bá kú fúnra rẹ̀, tí a tan án tí kò tàn, ọ̀rọ̀ ti di ti ìfura. Bí gbogbo ìkànnì bá ń ṣí àfi ti àwọn tí ń ṣe áńtífáírọ́ọ̀sì, ẹ rántí pé Conficker, tí ó jáde ní ìparí ọdún 2008, tí ó sì tàn ká pẹ̀lú fúláàṣì, ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, kí onílé má baà rí ọdẹ pè. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ní àwọn gba ìmeèlì tí ẹ kò kọ lọ́wọ́ yín, àmì ni èyí náà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Eruku, ìrántí tí ó kéré àti ọjọ́ ogbó a máa mú kọ̀ǹpútà lọ́ra láìsí fáírọ́ọ̀sì kankan. Bákan náà, kọ̀ǹpútà tí ń sáré dáadáa lè gbé olè mọ́ra. Nítorí náà, àmì kì í ṣe ẹ̀rí, àìsí àmì kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí àlàáfíà. Àyẹ̀wò ni ó lè sọ òtítọ́.

BÍ ỌDẸ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹni tí yóò gba ọdẹ sí àdúgbò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọdẹ ń ṣe. Ọ̀nà méjì ni áńtífáírọ́ọ̀sì ń gbà ṣiṣẹ́. Èkínní, ó ní ìwé tí àpèjúwe àwọn olè tí a ti mọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi fáìlì kọ̀ọ̀kan wé ìwé náà. Èkejì, ó ń ṣọ́ ìṣe. Bí ètò kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìwé ilé mọ́lé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdẹ yóò dá a dúró, bí kò tilẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ó fi jẹ́ dandan kí áńtífáírọ́ọ̀sì máa gba ìròyìn tuntun lójoojúmọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Áńtífáírọ́ọ̀sì tí ó ti lo oṣù mẹ́fà láìgba ìròyìn dà bí ọdẹ tí ó sùn lọ ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa ìròyìn yìí nítorí owó dátà, ṣùgbọ́n fíìmù kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ wò lè jẹ dátà ju ìròyìn ọjọ́ púpọ̀ lọ. Kí a fi owó pamọ́ lára ọdẹ kì í ṣe ìpamọ́ rárá.

OHUN TÍ A Ó FI YAN

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílé. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní ọdún 2012, Microsoft ti ń fi áńtífáírọ́ọ̀sì kan, Defender, sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ rí i pé ó wà ní títàn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí ó gba ìròyìn gbẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ilé tí ó ń ṣọ́ra, ọdẹ yìí tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè san owó fún òmíràn, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹyọ kan. Ọba kì í pé méjì láàfin. Bí áńtífáírọ́ọ̀sì méjì bá ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lè máa mú èkejì bí olè, àwọn méjèèjì yóò sì jọ fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí Defender fi máa ń yẹra fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá gbé òmíràn wọlé.

Ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe olùtajà. Kò sí ẹni tí ń ta ọbẹ̀ tí yóò sọ pé ọbẹ̀ òun kan. Iléeṣẹ́ AV-TEST ní ìlú Magdeburg ní Jámánì, àti AV-Comparatives ní ìlú Innsbruck ní Austria, ń dán áńtífáírọ́ọ̀sì wò, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Nígbà tí ẹ bá ń ka èsì náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: mélòó nínú olè ni ó mú, mélòó nínú aláìṣẹ̀ ni ó fi ẹ̀sùn kàn, báwo ni ó sì ṣe dá kọ̀ǹpútà dúró tó? Ẹ wo èsì ìgbà mélòó kan, nítorí ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀kan lè fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kókó yìí ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ilé lára. Ẹnìkan yóò ní òun ní áńtífáírọ́ọ̀sì olówó ńlá nínú fúláàṣì, tí wọ́n ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí a kò ní í san kọ́bọ̀ lé lórí. Ẹ bi ara yín léèrè: ẹni tí ó fọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, kí ni ó tún fi síbẹ̀? Ètò tí a bá fi ṣe ọdẹ ni ó ní àṣẹ láti wọ gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà. Bí ètò aṣebi bá wà lára rẹ̀, ọwọ́ wa ni a fi gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún olè. Kí a tó sọ ti ewu, ohun tí a jí kì í ṣe halálì nítorí pé a fi ń ṣọ́ ilé. Nígbà tí èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó sì mọ́ wà, kò sí àwáwí fún wa.

Ẹ má ṣe gbọ́ ti ọdẹ tí ń pariwo. Bí ẹ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àkọlé pupa kan bẹ́ jáde pé fáírọ́ọ̀sì 38 wà nínú kọ̀ǹpútà yín, pé kí ẹ tẹ ibí yìí tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà kan, ẹ pa ojú ìwé náà dé. Ojú ìwé lásán kò lè yẹ inú kọ̀ǹpútà yín wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, àjọ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà, FTC, gbé àwọn tí ń fi irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ta áńtífáírọ́ọ̀sì èké lọ sílé ẹjọ́. Àjọ náà sọ pé àwọn tí wọ́n tàn jẹ lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ dá ọ̀kan nínú wọn lẹ́jọ́ láti san mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Ẹ wádìí ohun tí ọ̀fẹ́ ń jẹ. Ọ̀fẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ẹni tí ń bọ́ ọdẹ tí a kò san owó fún. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FTC kan náà ní kí iléeṣẹ́ Avast, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì nínú ilé wa, san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là. Àjọ náà sọ pé ó ti ta ìròyìn àwọn ìkànnì tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wò fún ẹlòmíràn, lẹ́yìn tí ó ti ṣèlérí láti dáàbò bo àṣírí wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka ohun tí ètò náà sọ pé òun yóò máa kó lọ.

ỌJỌ́ ÀYẸ̀WÒ

Bí ìfura bá wà, ẹ má ṣe sáré. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé àti àwòrán tí ó ṣe pàtàkì sínú dísìkì mìíràn, kí ẹ sì yọ dísìkì náà kúrò. Ẹ gba ìròyìn tuntun fún áńtífáírọ́ọ̀sì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò kíkún, kì í ṣe èyí tí ó yára. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, nítorí náà, ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí iná bá dúró tàbí tí bátìrì bá kún.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ rántí àwo orin ọdún 2005 tí a mẹ́nu bà. Ètò aṣebi tí ó ti wà lábẹ́ Windows lè di ọdẹ lójú. Ọgbọ́n tí a fi ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé kí a yẹ kọ̀ǹpútà wò kí Windows tó jí. Nínú Windows 10 àti 11, ẹ wọ Windows Security, ẹ lọ sí Scan options, kí ẹ sì yan èyí tí a pè ní Offline scan. Kọ̀ǹpútà yóò kú, yóò tún tàn, yóò sì ṣe àyẹ̀wò nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 nígbà tí olè kò tíì dìde lórí ibùsùn.

Ẹ lè wá ojú kejì pẹ̀lú. Microsoft Safety Scanner jẹ́ ọ̀fẹ́, kì í jókòó sínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni a sì lè lo ẹ̀dà tí a bá gbà. Malwarebytes náà ní èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò nígbà tí a bá fẹ́. Ìwọ̀nyí kò tako òfin ọdẹ kan ṣoṣo, nítorí àlejò tí a pè wá wo ilé ni wọ́n, wọn kì í ṣe aṣọ́lé.

Bí a bá rí nǹkan, ẹ fi í sí àhámọ́ gẹ́gẹ́ bí ètò náà ti sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó mọ́ láti yí páásíwọ́ọ̀dù yín padà. Ti ìmeèlì ni kí ó ṣáájú, nítorí òun ni a fi ń tún àwọn yòókù ṣe. Ti báǹkì ni kí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì sọ fún báǹkì náà. Bí olè náà bá ń padà wá lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a tún Windows gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ojútùú tí ó dájú jù.

TI FÚLÁÀṢÌ ÀTI TI WINDOWS TÓ TI GBÓ

Bí ọmọ bá ti ibi ìtẹ̀wé dé, tí gbogbo ìwé inú fúláàṣì rẹ̀ ti di àmì kékeré tí ó ní ọfà lára, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ni ó bo àwọn ìwé gidi mọ́lẹ̀, tí ó sì gbé àmì náà síwájú bí ìdẹ. Àwọn ìwé náà sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni nu fúláàṣì náà mọ́, pàápàá bí iṣẹ́ àṣekágbá bá wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí áńtífáírọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì ní kí Windows fi àwọn fáìlì tí ó fara pamọ́ hàn. Ó sàn kí iṣẹ́ ọmọ máa wà ní ibi méjì ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀wé nìkan lè fi ìwé náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé nípa ìmeèlì, kí fúláàṣì má baà jáde nílé rárá.

Ní ti Windows fúnra rẹ̀, ọdẹ kò lè ṣọ́ ilé tí ògiri rẹ̀ ti là. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tí ó gbà wọlé jáde láti oṣù kẹta ọdún náà. Àwọn tí kò gba àtúnṣe ni ó bá nílé. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows XP parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lè gba Windows 11, kí ó má ṣe jáfara.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kò sí ọdẹ tí ó rí ohun gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tí ó tẹ ohun tí kò yẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ń bẹ̀rù pé wọn yóò na òun, yóò dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn sì ni olè ń fẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ó yé àwọn ọmọ pé ẹni tí ó bá tètè sọ kò ní í rí ìbínú yín. Ẹ yan ẹnì kan nínú ilé tí yóò máa wo ọdẹ yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré lọ́jọ́ orí tó, kí ẹ sì máa bi í léèrè pé: ṣé ọdẹ wa jí?